Ṣé kẹ̀kẹ́ ló gbé e àbí Micra? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí òjóró inú Strava

Láti ìgbà tí ìròyìn ti jáde lọ́dún 2025 pé ápù Strava yọ ìrìn tó lé ní mílíọ̀nù 4 kúrò lórí àtẹ ìdíje ẹ̀ torí pé wọn ò jọ ti kẹ̀kẹ́ tàbí ti ẹsẹ̀, àwọn èèyàn ò jẹ́ n sinmi. Ẹnì kan rò pé wọ́n ti jí pásíwọọ̀dù òun ni, ẹnì kan ní ṣé wọ́n á dá owó padà ni, obìnrin tí mò ń ra ọsàn lọ́wọ́ ẹ̀ ní Bódìjà ní ìjà kẹ̀kẹ́ wo làwọn òyìnbó fẹ́ dá sílẹ̀ láàárín wa. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí yìí, ológeere ni o, kì í ṣe Maruwa.

Kí ló ń jẹ́ Strava gan-an?

Ápù orí fóònù ni. San Francisco ní Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, èdè àwọn ará Sweden ni wọ́n ti mú orúkọ ẹ̀, ó túmọ̀ sí kéèyàn máa sapá. Tẹ́ẹ bá fẹ́ gbéra ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó ju fóònù sápò, ẹ ó gun kẹ̀kẹ́ yín lọ síbi tẹ́ẹ ń lọ, tẹ́ẹ bá délé ẹ ó tẹ̀ ẹ́ pa, á wá ya ọ̀nà tẹ́ẹ gbà fún yín, á sọ iye kìlómítà, iye ìṣẹ́jú, àti bí òkè tẹ́ẹ gùn ṣe ga tó.

Ìyẹn ò burú. Kí ló wá ń fa ìjà?

Segment ni. Ẹni tó ń lo ápù yìí lè gé apá kan ojú ọ̀nà kó sọ ọ́ lórúkọ, bíi kéèyàn gé e láti ìsàlẹ̀ Mọ́kọ́lá títí dé ẹnu géètì Premier Hotel lókè lọ́hùn-ún. Látìgbà yẹn lọ gbogbo ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ápù, yálà ó mọ̀ àbí kò mọ̀, wọ́n ti fi sínú ìdíje. Àtẹ kan á jáde, ẹni tó yá jù á wà lókè, wọ́n á fi adé kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀, wọ́n á máa pè é ní ọba òkè yẹn. Ọba o, ní Ìbàdàn, níbi táwọn olóyè ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún gun àkàbà kí wọ́n tó dé orí ìtẹ́, ẹnì kan á fi ìṣẹ́jú 4 jọba.

Láti May 2020, ẹni tí ò bá sanwó ò lè rí gbogbo àtẹ mọ́, mẹ́wàá àkọ́kọ́ nìkan ló máa rí. Lójú tèmi ìyẹn ló tún dá kún un, torí ipò kọkànlá wá dà bí ẹni tí ò wá síbẹ̀ rárá.

Èló ni wọ́n ń fún ọba náà?

Kọ́bọ̀ ò sí níbẹ̀.

Kí ló wá dé téèyàn á fi ṣòjóró nítorí ohun tí ò sówó ńbẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Àwa mélòó kan máa ń jáde láàárọ̀ Sátidé kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń parí ẹ̀ sọ́dọ̀ alákàrà kan lágbègbè Agodi. Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú wa, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ní ọmọ ní yunifásítì. Lọ́jọ́ kan báyìí alákàrà ti ki àkàrà mẹ́ta bọ búrẹ́dì fún un, ó sì ti nawọ́ sí i, ni fóònù ẹ̀ bá dún tín. Ó wò ó. Ẹnì kan ti gbapò ẹ̀ lórí òkè kan, ó ti já láti ipò kìn-ín-ní sí ìkejì. Ẹ gbà mí gbọ́, ọkùnrin yìí gbé búrẹ́dì yẹn sórí bẹ́ǹṣì, ó nu ọwọ́ òróró mọ́ ṣòkòtò, ó ní òun ń bọ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ padà sí òkè yẹn pẹ̀lú ebi. Ìgbà tó fi máa dé, àkàrà ti tutù, ó ṣì wà ní ipò kejì.

Kò sówó lóòótọ́, àmọ́ ojú ayé wà ńbẹ̀. Ẹni tí ọ̀gá ń pàṣẹ fún láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tó bá wá di Sátidé, ibì kan wà tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹ̀ síwájú orúkọ èèyàn 200. Kò rọrùn láti fi sílẹ̀ o.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣòjóró náà?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ọ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èèyàn gun kẹ̀kẹ́ jáde, ó rẹ̀ ẹ́, tàbí táyà jò, ó wọkọ̀ padà sílé, ó gbàgbé pé ápù ṣì ń ṣiṣẹ́ lápò. Ó délé, ó rí i pé òun ti gba adé mẹ́ta. Títí dé ibẹ̀ yẹn, àṣìṣe ni. Tó bá wá wo adé yẹn, tó rẹ́rìn-ín, tó dákẹ́, dídákẹ́ yẹn lòjóró.

Òmíràn ni kẹ̀kẹ́ oníbátìrì. Kẹ̀kẹ́ tó ní mọ́tò kékeré nínú náà ní ààyè tiẹ̀ nínú ápù, ọ̀tọ̀ ni àtẹ wọn, àmọ́ àwọn kan á kọ ọ́ sílẹ̀ bíi kẹ̀kẹ́ lásán. Òkè tí èmi àti ẹ̀yin ń fi eyín gùn, mọ́tò ló bá wọn gùn ún.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta gba ọgbọ́n díẹ̀. Fáìlì tí fóònù ń kọ ìrìn sí, tí wọ́n ń pè ní GPX, ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú ẹ̀. Ẹ lè ṣí i bẹ́ẹ ṣe ń ṣí lẹ́tà. Ìlà kan á sọ ibi tẹ́ẹ wà, bíi 7.39 àti 3.89, á sọ aago tẹ́ẹ débẹ̀, ìlà tó tẹ̀ lé e á sọ ibòmíì àti aago ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa lọ títí. Ẹni tó bá dín aago yẹn kù ti sáré láìkúrò lórí àga. Kìlómítà kan tẹ́ẹ fi ìṣẹ́jú 4 gùn, kìlómítà 15 ní wákàtí kan nìyẹn, tẹ́ẹ bá pa ìṣẹ́jú yẹn dé 2 ó ti di 30, ẹ ò tíì làágùn.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn ará Indonesia. Lọ́dún 2024 ìròyìn jáde pé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń gbowó láti bá èèyàn sáré, wọ́n ń pè wọ́n ní jóki. Ẹ ó sanwó, jóki á sáré lórúkọ yín, orúkọ yín ló máa jáde, ẹ̀yin ẹ wà nílé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ káwọn ọmọ wa gbọ́ o.

Ṣé ápù náà ò ríran ni?

Kò ríran. Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í lóye, nítorí náà ẹ farabalẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì GPS wà lókè, nǹkan bíi 20,200 kìlómítà sí wa, iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa kéde aago wọn àti ibi tí wọ́n wà. Wọn ò mọ̀ yín, wọn ò sì mọ̀ pé ẹ wà. Fóònù yín ló ń gbọ́ ìkéde yẹn, tó ń fi ìyàtọ̀ àkókò ṣèṣirò pé ibi báyìí ni mo wà. Ápù wá gba ohun tí fóònù sọ gbọ́. Nínú gbogbo ìyẹn, kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti wo ìdí yín bóyá àga kẹ̀kẹ́ lẹ jókòó lé àbí ti ọkọ̀.

Fóònù náà sì máa ń ṣìnà. Níta gbangba, tí ojú ọ̀run mọ́, ó lè fi nǹkan bíi mítà 5 ṣì í. Láàárín ilé gogoro, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ìró yẹn ń ta lára ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ti jókòó nítòsí Cocoa House ní Dùgbẹ̀ rí, tí mò ń dúró de ẹnì kan, mi ò mira, fóònù mi ní mo ti rìn bíi irínwó mítà. Torí náà ẹ má tètè pe èèyàn ní olè. Nígbà míì ilé ló ta ìró padà.

Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ irọ́?

Ẹ fi ohun tí ènìyàn lè ṣe wọ̀n ọ́n. Filippo Ganna, ọmọ Ítálì, lóṣù October 2022, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún kẹ̀kẹ́, lórí kẹ̀kẹ́ olówó gọbọi, láìsí ihò, láìsí atẹ́gùn, láìsí LASTMA tàbí àwọn ẹgbẹ́ wọn nibí, ó gun kìlómítà 56.792 ní wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó gun jù bẹ́ẹ̀ lọ rí nígbà yẹn. Tẹ́ẹ bá wá rí ẹnì kan tó fi kìlómítà 58 ní wákàtí gba Ring Road láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ jẹ́ ká pè é kó wá bá wa gba góòlù níbi Òlíńpíìkì.

Ti òkè tún rọrùn jù. Ká ní òkè kan ń ga ní mítà 6 láàárín gbogbo 100 mítà, tí èèyàn àti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ jọ wọn kílò 85, láti fi kìlómítà 30 ní wákàtí gun un, ó máa nílò ju wáàtì 500 lọ. Bílẹ́ńdà tí wọ́n fi ń lọ ata nílé ẹlòmíì ò tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ní ikùn bíi tèmi ò lè jẹ́ bílẹ́ńdà.

Àmọ́ àmì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nílùú yìí, ibi tó ti dúró ni. Ẹ ṣí ìrìn ẹ̀, ẹ wo bí eré ẹ̀ ṣe ń lọ sókè tó ń wálẹ̀. Tó bá gbéra ní UI, tó dúró díẹ̀ ní Poly, tó dúró ní Sángo, tó tún dúró ní Mọ́kọ́lá, tó sì sáré burúkú láàárín wọn kó tó dé Dùgbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé èrò ló ń já.

Ṣé àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́ náà ń ṣe é?

Wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì ń mú wọn. Lóṣù January 2016, níbi ìdíje àgbáyé ní Zolder ní Belgium, wọ́n bá mọ́tò nínú kẹ̀kẹ́ kan tó jẹ́ ti Femke Van den Driessche, wọ́n ní kò gbọdọ̀ díje fún ọdún 6. Lọ́dún 2019, Cameron Jeffers gba ife ìdíje kẹ̀kẹ́ orí kọ̀ǹpútà ti Britain, ìyẹn èyí tí wọ́n ń gùn nínú yàrá lórí Zwift, wọ́n wá rí i pé kọ̀ǹpútà ló bá a gun ìrìn tó fi gba kẹ̀kẹ́ tó yá jù nínú eré náà. Wọ́n gba ife, wọ́n bu owó ìtanràn 250 pọ́ùn lé e, wọ́n ní kó lọ jókòó fóṣù 6. Kẹ̀kẹ́ tí ò sí láyé o, tí wọ́n yà sórí kọ̀ǹpútà.

Ṣé nǹkan wà tó yẹ kí n bẹ̀rù?

Ó wà, kì í sì í ṣe ti adé. Lọ́dún 2010, ní Berkeley ní California, ọkùnrin kan ń fi kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀ òkè láti gba ipò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ padà, ó tẹ bíréèkì lójijì nítorí ọkọ̀ kan, ó ṣubú, ó kú. Ẹbí ẹ̀ gbé Strava lọ sí kóòtù lọ́dún 2012, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ohun tó ń já mi láyà nípa òjóró gan-an nìyí. Ẹni tó gbàgbé ápù sínú Micra, tó sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Àárẹ níwájú Láyípo, ó ti fi ìṣẹ́jú kan sílẹ̀ lórí àtẹ. Micra ní ìjánu mẹ́rin, ó ní ara irin. Ọmọ ọdún 19 kan tó ní kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tí bíréèkì ẹ̀yìn ẹ̀ ò mú dáadáa máa rí ìṣẹ́jú yẹn, á ní èèyàn ló ṣe é, èmi náà á ṣe é. Yanrìn wà lójú ọ̀nà, gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, awakọ̀ kan á sì dúró gbú láìtan iná torí ẹni kan nawọ́. Tẹ́ẹ bá rí segment ìsọ̀kalẹ̀ báyìí, ẹ fi tó Strava létí pé ó léwu, ààyè wà fún un nínú ápù, àtẹ ibẹ̀ á pòórá.

Ṣé wọ́n lè fi mọ ilé mi?

Bẹ́ẹ̀ ni. Lóṣù January 2018 àwòrán ìrìn gbogbo ayé tí Strava gbé jáde tú àṣírí bárékè àwọn ológun, lọ́dún 2024 ìwé ìròyìn Le Monde tún fi ìrìn àwọn ẹ̀ṣọ́ Macron mọ ibi tí ààrẹ ń dé sí. Bí wọ́n bá lè rí ààrẹ Faransé, wọ́n á rí yín ní Akóbọ̀. Ẹ wọ ibi ètò, ẹ ní kó fi ibi tẹ́ẹ ti gbéra àti ibi tẹ́ẹ parí sí pamọ́, àgàgà tí kẹ̀kẹ́ yín bá wówó.

Mo ti mú ẹnì kan. Kí n kéde ẹ̀ ni?

Ẹ má ṣe é ní gbangba. Ẹ kọ́kọ́ fi ìkọ̀kọ̀ bi í pé ẹ̀gbọ́n, tàbí àbúrò, ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹ ò gbàgbé ápù yín sílẹ̀ báyìí? Ìdajì wọn á yọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá ń bú yín, ẹ tẹ flag sí i, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Lóòótọ́ oríkì ìlú wa ní ibẹ̀ lolè gbé ń jàre olóhun, àmọ́ àwọn tó ni ápù ò mọ oríkì.

Tó bá wá jẹ́ èmi ni mo gbàgbé ńkọ́?

Ẹ gé ibi tẹ́ẹ ti wọkọ̀ kúrò, ápù gba kẹ́ẹ gé e, tàbí kẹ́ẹ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo mọ̀, torí ó gbà mí ní ọjọ́ méjì.

Táyà mi bẹ́ ní Òjóò, mo tú ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́, a fi okùn di ìyókù mọ́ búùtù Micra, mo já ní Bódìjà. Lálẹ́ mo ṣí fóònù, mo bá adé méjì, èèyàn mọ́kànlá ti tẹ àtàǹpàkò fún mi, ọmọkùnrin kan tá a jọ máa ń gùn wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ẹ̀ ṣeé mú mọ́ o!" Mo kà á bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Mi ò parọ́ fún un, mi ò kàn dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kẹta mo pa á rẹ́, Sátidé yẹn níwájú alákàrà, ó ní ẹ̀gbọ́n, adé yín dà?

Mo ní mo ti dá a padà fún awakọ̀.