Bí Ogun Ọgbọ̀n Ọdún Ṣe Ń Bọ́ Ara Rẹ̀

Ogun tó jà nílẹ̀ Jámánì láti 1618 títí di 1648 ni wọ́n ń pè ní Ogun Ọgbọ̀n Ọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ̀ ọ́n sí ìjà láàárín ìjọ Àgùdà àti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kì í ra búrẹ́dì, kì í sì í ra ẹ̀tù ìbọn. Ohun tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ ni pé báwo ni àwọn ọba tí àpò wọn ti gbẹ ṣe rí ogun jà fún ọgbọ̀n ọdún, kí ló sì dé tí wọn ò rí i pa nígbà tó ti sú gbogbo wọn.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ adé kúrò nílẹ̀. Ilẹ̀ Ọba Róòmù Mímọ́, tí Jámánì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, kì í jẹ́ kí ọmọ kàn jogún adé bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn afọbajẹ méje ló ń yan olú-ọba. Mẹ́ta jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Àgùdà, ti Mainz, Trier àti Köln. Mẹ́ta jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì, ti Saxony, Brandenburg àti Palatinate. Ọba Bohemia ni ìkeje, ìdílé Habsburg tó jẹ́ Àgùdà ló sì wà lórí ìtẹ́ náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 1618, àwọn ìjòyè Pùròtẹ́sítáǹtì ní Prague, olú-ìlú Bohemia, ju aṣojú ọba méjì àti akọ̀wé wọn láti ojú fèrèsé ààfin (kò sí èyí tó kú nínú wọn). Ní ọdún kejì wọ́n gbé adé Bohemia fún Frederick Karùn-ún ti Palatinate, ọmọlẹ́yìn Calvin (ẹ̀ka kan nínú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì). Bí èyí bá dúró, Pùròtẹ́sítáǹtì ni yóò ní ìbò mẹ́rin nínú méje, Frederick nìkan yóò sì di méjì mú nínú rẹ̀. Ferdinand Kejì ti Habsburg, tí wọ́n gba adé Bohemia lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì di olú-ọba lọ́dún yẹn kan náà, kò lè gba irú rẹ̀ láyé. Ẹ wá wo ẹni tó dúró tì í: afọbajẹ Saxony, ọmọlẹ́yìn Luther pọ́ńbélé, tí wọ́n fi ilẹ̀ Lusatia ṣe ìdúró fún. Ìjà Òkè Funfun lẹ́bàá Prague, ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 1620, kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ tí adé Frederick fi bọ́.

Ìbá parí síbẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó parí ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó ọmọ ogun jọ.

Ọba kì í gba ọmọ ogun fúnra rẹ̀. Ìwé àṣẹ ni yóò kọ fún kọ́nẹ́ẹ̀lì kan pé kó dá rẹ́jímẹ́ǹtì sílẹ̀, iye orí báyìí, níbi báyìí, kó tó di ọjọ́ báyìí. Lọ́dọ̀ olú-ọba, rẹ́jímẹ́ǹtì ẹlẹ́sẹ̀ lórí ìwé jẹ́ 3,000 ènìyàn, ẹgbẹ́ mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 300. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ló máa fi owó ara rẹ̀, tàbí owó tó yá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn kápútẹ́ẹ̀nì tó bá yàn náà á dá sí i. Wọ́n á lu ìlù lójú ọjà, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ á gba owó ìrìnnà díẹ̀, á sì fẹsẹ̀ rìn dé ibi àyẹ̀wò. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti kọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ka òfin ogun sí i létí, á sì búra lábẹ́ àsíá. Ìbọn àti aṣọ tí wọ́n bá fún un, inú owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n á ti yọ ọ́. Wọn kì í sábà bi í léèrè ìjọ tó ń lọ. Jagunjagun kan tó ń jẹ́ Peter Hagendorf wà lára àwọn tó kọlu Magdeburg fún ìjọ Àgùdà ní 1631. Ní 1633 ọwọ́ Sweden, tó ń jà níhà Pùròtẹ́sítáǹtì, tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi í sínú ọmọ ogun tiwọn. Lẹ́yìn ìjà Nördlingen ní 1634, ó tún padà sínú rẹ́jímẹ́ǹtì rẹ̀ àtijọ́. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra.

Ibi tí màgòmágó ti ń wọlé ni ìwé orúkọ. Owó ń wá ní iye orí, nítorí náà kápútẹ́ẹ̀nì kì í yára pa orúkọ òkú rẹ́. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ó lè yá ìránṣẹ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀, kó fi ọ̀kọ̀ lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n tò sórí ìlà. Ará Nàìjíríà tó ti gbọ́ nípa òṣìṣẹ́ tí kò sí láyé tó ń gbowó oṣù kò nílò àlàyé lórí èyí. Àmọ́ ohun tó le jùyẹn lọ ni pé kọ́nẹ́ẹ̀lì ti di ẹni tí ìjọba jẹ lówó. Bí wọ́n bá tú ọmọ ogun ká kí wọ́n tó sanwó fún un, owó rẹ̀ wọgbó nìyẹn.

Albrecht von Wallenstein, ìjòyè Bohemia kan, ló sọ ọgbọ́n yìí di ńlá. Ní 1622, olú-ọba fi iṣẹ́ rírọ owó ẹyọ Bohemia, Moravia àti Austria háyà fún ẹgbẹ́ kan ní Prague fún ọdún kan, ní 6,000,000 gulden. Wallenstein àti Hans de Witte, olówó èlé, wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ìwọ̀n fàdákà kan tí wọ́n ti máa ń fi rọ 19 gulden tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń rọ 79. Owó ẹlẹ́tàn yẹn ni Wallenstein fi ra ilẹ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé. Nígbà tó wá di 1625, ó sọ fún Ferdinand pé òun á gbé ọmọ ogun dìde láìná owó ààfin. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíi 24,000. Kí ọdún 1630 tó parí, iye orí ìwé ti kọjá 100,000.

Ọ̀nà tó fi ń bọ́ wọn nìyí. Bí ọmọ ogun bá sún mọ́ agbègbè kan, kọmíṣọ́nnà á kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìlú pé iye báyìí ni wọ́n máa san lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù. Ìlú á bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ná an wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì fẹnu kò. Láti ìgbà náà, ìgbìmọ̀ ìlú fúnra rẹ̀ ló ń gba owó náà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ilé sí ilé, tí wọ́n á tún bu owó lé ọtí bíà àti ìyẹ̀fun. Ìlú á gba ìwé ààbò, nígbà mìíràn pẹ̀lú jagunjagun mélòó kan tó ń ṣọ́ ẹnubodè, tí ìlú náà ló ń bọ́ wọn. Bí owó kò bá wọlé, jagunjagun á lọ dó sílé ẹni tó jẹ gbèsè títí yóò fi san. Bí kò bá tún sí, wọ́n á kó àwọn ọlọ́lá ìlú lọ ṣe ìdúró. Èyí tó gbẹ̀yìn ni iná. Ọ̀gágun tó gbọ́n kì í fẹ́ dé ibẹ̀, torí ìlú tó jóná kò lè san ti oṣù tó ń bọ̀. Magdeburg ni àpẹẹrẹ ibi tó ti bọ́ sórí: ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1631, bíi 20,000 ènìyàn kú nínú ìlú tí kò ní ju bíi 25,000 lọ, orísun oúnjẹ tí Tilly, ọ̀gágun Àgùdà tó kọlu ìlú náà, ń wá sì di eérú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àárín ìgbà tí ọmọ ogun fẹ́ jẹun sí ìgbà tí owó ìlú ń dé ni de Witte ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń san án sílẹ̀ fún Wallenstein lóṣooṣù, pẹ̀lú owó tó ń yá káàkiri àwọn ìlú oníṣòwò, tó sì ń retí owó àwọn ìlú láti fi dí i. Ọmọlẹ́yìn Calvin ni, tó ń gbé owó lẹ́yìn ogun Àgùdà. Ní 1630 àwọn afọbajẹ fúngun mọ́ Ferdinand ní Regensburg títí ó fi yọ Wallenstein. Kò sẹ́ni tó tún fẹ́ yá de Witte lówó mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ó pa ara rẹ̀ sínú kànga ilé rẹ̀ ní Prague.

Àléébù ètò náà hàn kedere ní Nuremberg ní 1632. Oúnjẹ òòjọ́ jagunjagun kan jẹ́ pọ́ùn búrẹ́dì méjì, pọ́ùn ẹran kan, àti bíà. Fún 30,000 ènìyàn, bíi tọ́ọ̀nù 30 búrẹ́dì nìyẹn lójúmọ́, láì tíì ka ìyàwó, ọmọ àti àwọn alájàpá tó ń tẹ̀lé ibùdó, tàbí ẹṣin, tó jẹ́ pé ìgbà tí koríko bá hù ni wọ́n lè jáde ogun. Gustavus Adolphus, ọba Sweden, pàgọ́ sí ìlú náà. Wallenstein, tí wọ́n ti pè padà, mọ odi tó yíká bíi kìlómítà 16 ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, ó sì jókòó. Láti oṣù Keje dé oṣù Kẹsàn-án, ebi, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ibà ló ń pa ènìyàn níhà méjèèjì. Ọba Sweden gbìyànjú láti fipá gba odi náà, kò ṣe é ṣe, ló bá kó ẹrù rẹ̀. Jákèjádò ogun náà, àìsàn pa ènìyàn ju ìbọn lọ. Àwọn tó ń ṣí kiri nítorí pé wọ́n ti jẹ agbègbè kan tán ló ń gbé e láti ìlú dé ìlú.

Owó kan ṣì wà tó ń tòde wọlé. Ní oṣù Kìíní 1631 ní Bärwalde, ilẹ̀ Faransé ṣèlérí 400,000 thaler lọ́dọọdún fún Sweden, kí Sweden fi máa gbé ẹlẹ́sẹ̀ 30,000 àti ẹlẹ́ṣin 6,000 dúró. Kádínà ìjọ Àgùdà, Richelieu, ló wà nídìí ìjọba Faransé tó ń bọ́ ọmọ ogun Pùròtẹ́sítáǹtì yìí, nítorí kí ilé Habsburg má baà ká Faransé mọ́ láti Sípéènì àti Jámánì. Wọ́n fi kún un pé kí Sweden má ṣe dí ìsìn Àgùdà lọ́wọ́ níbi tó bá bá a. Owó náà dára, àmọ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn ìlú Jámánì ń san.

Gbèsè ló wá di ẹ̀wọ̀n lọ́rùn gbogbo wọn. Àwọn ọ̀gá nínú ọmọ ogun Sweden, tó jẹ́ pé ọmọ Jámánì ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣọ̀tẹ̀ ní 1633 nítorí owó oṣù. Nígbà tí olú-ọba àti Saxony bá ara wọn rẹ́ ní Prague ní 1635, àwọn ọ̀gá náà há olórí ìjọba Sweden, Axel Oxenstierna, mọ́ Magdeburg kó má baà bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn láìrántí owó wọn. Ó ṣe kedere sí i pé bí òun bá lọ sílé láìsanwó, àwọn ọmọ ogun òun gan-an ni ọ̀tá tó kàn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń jà kí wọ́n lè rí ilẹ̀ tí wọ́n á fi gba owó tí wọ́n á fi máa jà.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ní Münster àti Osnabrück, ìlú méjì tí wọ́n ti jókòó sọ̀rọ̀ àlàáfíà, ọ̀rọ̀ ìjọ gan-an rí ojútùú kí ọ̀rọ̀ owó tó rí i. Ní ti ìjọ, wọ́n mú ọdún 1624 gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n: ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ ìjọ kan lọ́dún yẹn, tirẹ̀ ni. Àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin, tí àdéhùn Augsburg ti 1555 fi sílẹ̀, wọ inú òfin. Ní ti owó, Sweden bẹ̀rẹ̀ láti 20,000,000 thaler fún ọmọ ogun rẹ̀, wọ́n sì ná an títí ó fi dé 5,000,000. Wọ́n buwọ́ lùwé ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá 1648. Ìpàdé mìíràn tún wáyé ní Nuremberg láti 1649 dé 1650 láti ṣètò bí rẹ́jímẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan yóò ṣe gbowó rẹ̀, túká, kó sì fi odi ìlú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Vechta ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Jámánì ló kẹ́yìn: Sweden kò kúrò níbẹ̀ títí di 1654, nígbà tí owó rẹ̀ pé.