Ìjánu inú ọpọlọ: bí wárápá ṣe ń gbé ènìyàn, àti bí ìtọ́jú ṣe ń dá a dúró

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wárápá gbé ló ń ṣubú lulẹ̀. Obìnrin kan lè máa wọn gàrí fún oníbàárà, kí ọwọ́ rẹ̀ tó di kóńgò mú dúró sójú kan lójijì, kí ó tẹjú mọ́ ọ̀ọ́kán, kí ó máa pọ́n ètè lá bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, kí ó má sì dáhùn bí wọ́n tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, yóò bi oníbàárà léèrè pé kóńgò mélòó ni òun ti wọ̀n. Àwọn tó wà nítòsí lè rò pé ọkàn rẹ̀ ló ṣí kúrò lọ́jà. Wárápá ni èyí, gẹ́gẹ́ bí èyí tó gbé ọkùnrin ṣánlẹ̀ lẹ́bàá títì, tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣe jẹ́ wárápá. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ àwọn méjèèjì. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó tàn dé ló yàtọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ ìrònú àti ìmọ̀lára nínú ọpọlọ ènìyàn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86, iná mànàmáná tó kéré jọjọ ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ara sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní àwọn ẹnu ọ̀nà tíntìntín tó ń ṣí, tó sì ń tì. Bí ẹnu ọ̀nà tí sodium, èròjà kan náà tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, ń gbà wọlé bá ṣí, iná á sáré gba ara sẹ́ẹ̀lì náà kọjá, á sì mú kí ó tú kẹ́míkà díẹ̀ sí ara sẹ́ẹ̀lì tó kàn án. Kẹ́míkà méjì ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Glutamate ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì tó gbà á pé kí ó tan iná tirẹ̀ náà, GABA sì ń sọ fún un pé kí ó dákẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú GABA jáde kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ nínú èèpo òde ọpọlọ, ṣùgbọ́n àwọn ni ìjánu. Bí ìjánu yìí bá dẹ̀ níbì kan, tí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tan iná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn tó yí wọn ká sì gbà á bẹ́ẹ̀, wárápá ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Dókítà ará Jámánì kan, Hans Berger, ló kọ́kọ́ ka iná yìí láti orí ènìyàn, ní ìlú Jena lọ́dún 1924, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1929. EEG ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà títí dòní, àwọn wáyà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí aláìsàn ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tí wáyà wọ̀nyí ń gbọ́ dà bí ariwo ọjà létí ẹni tó dúró lókèèrè: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń nájà, ń bú ara wọn, ń kí ara wọn, síbẹ̀ híhó lásán lẹni tó wà lókèèrè ń gbọ́, nítorí ohùn wọn kò papọ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọjà bá pariwo "olè!" lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó wà lókèèrè á gbọ́ ọ ketekete. Nínú EEG, ariwo tó papọ̀ yìí máa ń hàn bí ṣóńṣó tó yọrí sókè láàárín ìlà wẹ́wẹ́. Ẹni tó ní wárápá sì lè jókòó fún wákàtí kan kí ṣóńṣó kankan má yọ, nítorí ọjà kì í pariwo olè lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí EEG tó mọ́ kò fi túmọ̀ sí pé ẹni náà kò ní wárápá.

Bí wárápá bá bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ tó sún mọ́ etí, níbi tí ìrántí àti òórùn pàdé, ẹni náà lè kọ́kọ́ gbọ́ òórùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí kí nǹkan máa ru sókè nínú ikùn rẹ̀, tàbí kí ibi tí kò dé rí jọ ibi tó mọ̀ dunjú. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ibi tó ń darí ọwọ́, àtàǹpàkò nìkan lè máa fò. Bí ó bá gba apá méjèèjì ọpọlọ, gbogbo iṣan ara á le gan-an lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣan àyà tó fún ló ń ti afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun tó ti há jáde, òun ló sì ń di igbe tó ń já àwọn tó wà nítòsí láyà, tí àwọn mìíràn fi ń rò pé ẹlòmíràn ló ń ti inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Itọ́ tó ń hó lẹ́nu jẹ́ itọ́ lásán tí ẹni náà kò lè gbé mì, tí èémí ń pò pọ̀; kò lè ran ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìjánu á gba ọpọlọ padà tipátipá, oorun àti ìdàrúdàpọ̀ tó ń tẹ̀lé e sì jẹ́ àmì pé ìjánu náà ṣì wà ní títẹ̀ pinpin.

Gìrì tó ń mú ọmọdé tí ara rẹ̀ gbóná, láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, kì í ṣe wárápá. Ọmọ méjì sí márùn-ún nínú 100 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ń dàgbà kọjá rẹ̀. Ká tó pe àìsàn ní wárápá, ó gbọ́dọ̀ máa padà wá láìsí ibà tàbí ìdí mìíràn tó fà á lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń dẹ ìjánu ọpọlọ pọ̀: ọmọ tí kò tètè sunkún nígbà ìbí, ibà ẹ̀fọn tó wọ ọpọlọ, àìsàn awọ ọpọlọ, ọ̀kadà tó gbé ènìyàn lórí lulẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀, ẹyin aràn inú ẹlẹ́dẹ̀ tó wọ orí, àti àwọn àbùdá tí a bí mọ́ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìtọ́jú lásìkò lè dènà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn lọ láti ojúlé dé ojúlé ní ìlú méjì ní Ìbàràpá. Ní Ayétẹ̀, ìròyìn wọn ti 1982 rí ènìyàn 37 nínú 1,000 tó ní wárápá. Ní Ìgbó-Ọrà, tí kò jìnnà síbẹ̀, ìròyìn ti 1987 rí 5.3 nínú 1,000. Àwọn ará Ayétẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò kò tó 1,000, nítorí náà kò yẹ ká gbé ẹrù tó pọ̀ jù lé nọ́ńbà náà, ṣùgbọ́n Ìgbó-Ọrà ni ilé ìwòsàn yunifásítì ti ń tọ́jú aboyún àti ọmọdé láti 1963, ìyẹn sì wà lára ohun tí a lè rò mọ́ ìyàtọ̀ yìí.

Ọ̀nà méjì ni púpọ̀ oògùn wárápá ń gbà: yálà kí wọ́n dín ṣíṣí ẹnu ọ̀nà sodium kù, tàbí kí wọ́n fi agbára kún GABA. Phenobarbital, tí Alfred Hauptmann kọ́kọ́ fún aláìsàn wárápá ní Jámánì lọ́dún 1912, ń ran GABA lọ́wọ́. Phenytoin, tó dé ní 1938, ń di ẹnu ọ̀nà sodium, carbamazepine náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Valproate ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n tí aboyún bá ń lò ó, nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́wàá ni a ń bí pẹ̀lú àléébù ara, mẹ́ta sí mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló sì lè ní ìṣòro nínú ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi sọ ní 2023 pé kí wọ́n má ṣe kọ ọ́ fún ọmọbìnrin àti obìnrin tó lè lóyún. Ní 2000, Patrick Kwan àti Martin Brodie tẹ ìròyìn àwọn aláìsàn 525 jáde láti Glasgow: láàárín àwọn 470 tí kò tíì lo oògùn rí, oògùn àkọ́kọ́ dá wárápá dúró fún 47 nínú 100, èkejì fún 13 sí i, lẹ́yìn ìyẹn ohun tí oògùn kẹta ń fi kún un kò tó nǹkan. Oògùn tuntun ti pọ̀ láti ìgbà náà, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ṣì wà tí oògùn kò ká.

Àìsàn kan tí kò wọ́pọ̀, tí wọ́n ń pè ní Dravet, ló fi ọ̀rọ̀ ìjánu yìí hàn kedere jù. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan, nígbà púpọ̀ pẹ̀lú ibà, kò sì ń gbọ́ oògùn. Ní 2001 ni àwọn olùwádìí ní Bẹ́ljíọ̀mù rí i pé àbùdá SCN1A, tó ń darí ẹnu ọ̀nà sodium kan, ló bàjẹ́ lára àwọn ọmọ yìí. Ohun ìyanu ni èyí lákọ̀ọ́kọ́: bí ẹnu ọ̀nà iná bá dín kù, ṣé kò yẹ kí iná náà dín kù ni? Ìdáhùn dé ní 2006 láti ara eku. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìjánu ló gbára lé ẹnu ọ̀nà yìí jù lọ, nítorí náà iná tó kú jẹ́ iná ìjánu fúnra rẹ̀. Ó tún ṣàlàyé ohun tí àwọn ìyá ti ń rí tipẹ́, pé carbamazepine tó ń ran ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́ ń mú kí ti ọmọ wọn burú sí i: oògùn náà ń di ẹnu ọ̀nà díẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún ìjánu. Láti ìgbà tí ìmọ̀ yìí dé ni ìtọ́jú Dravet ti yà sọ́tọ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí cannabidiol, èròjà kan láti ara igbó tí wọ́n ń mu, ṣùgbọ́n tí kì í pa ènìyàn bí ọtí, ní 2018, àti fenfluramine ní 2020. Oògùn mìíràn tí wọ́n ń gún sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn, tó ń mú kí ẹ̀dà SCN1A tó dára ṣiṣẹ́ sí i, ti dé ìpele kẹta nínú ìdánwò.

Fún àgbàlagbà tí oògùn kò ká, tí dókítà sì mọ ojú ibi tí wárápá rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, gígé ibẹ̀ kúrò ṣì ni ìtọ́jú tó lágbára jù. Ṣùgbọ́n ibi kan wà nínú ọpọlọ tí a kò gbọ́dọ̀ gé, irú èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ sísọ. Irú wọn ni wọ́n ṣe RNS fún, ẹ̀rọ kékeré tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2013, tí wọ́n ń tẹ̀ sínú egungun agbárí, tí wáyà rẹ̀ sì wọ ibi tí ìjàǹbá ti ń ṣẹ̀. Ó ń ṣọ́ iná ibẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bó bá rí ariwo tó fẹ́ papọ̀, á ta iná díẹ̀ sí i kí ó tó tàn ká. Nítorí pé ó ń kọ ohun tó ń rí sílẹ̀, ó tú àṣírí kan tí àwọn aláìsàn ti ń sọ tipẹ́ tí dókítà kò kà sí: pé wárápá ní àkókò rẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2018 láti inú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ yìí fi hàn pé ewu máa ń ga, á sì máa lọ sílẹ̀ bí òṣùpá, nígbà púpọ̀ ní ọjọ́ 20 sí 30, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀. Iṣẹ́ ti ń lọ lórí bí a ṣe lè sọ fún aláìsàn pé ọ̀sẹ̀ yìí léwu, kí ó má wọ odò tàbí gun àkàbà. Ẹgbẹ́ kan sì wà tó fẹ́ gbin ìjánu tuntun pátápátá: láti 2022, wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ gún àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a tọ́ dàgbà ní ilé ìwádìí, tó ń tú GABA jáde, sínú ọpọlọ àwọn aláìsàn díẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àbájáde àkọ́kọ́ dára, àmọ́ àwọn tó ti gbà á kò tíì pọ̀.

Gbogbo èyí jìnnà sí ìdílé tí ọmọ wọn ń gbọ̀n lórí ẹní. Níbẹ̀, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni aago. Bí wárápá bá lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ṣeé ṣe kí ó má fúnra rẹ̀ dáwọ́ dúró mọ́, ìdí rẹ̀ sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì: bí iná bá ń jó lọ, sẹ́ẹ̀lì máa ń fa àwọn ẹnu ọ̀nà tí GABA ń lò wọnú ara rẹ̀, bí ìgbín ṣe ń fa ìwo wọlé. Àwọn oògùn pàjáwìrì, diazepam, lorazepam àti midazolam, kò sì ní ibòmíràn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ju ẹnu ọ̀nà wọ̀nyí lọ. Abẹ́rẹ́ tó tó ní ìṣẹ́jú márùn-ún lè máà tó mọ́ ní ogójì ìṣẹ́jú. Ìdánwò kan nínú ọkọ̀ ambulance ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2012, fi hàn pé midazolam tí wọ́n gún sí itan dá a dúró fún 73 nínú 100 kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, lorazepam tí wọ́n gbà láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ sì dá a dúró fún 63, nítorí àkókò tí wọ́n fi ń wá iṣan ẹ̀jẹ̀ kiri. Bí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ bá kùnà, ìdánwò mìíràn ní 2019 fi oògùn mẹ́ta wéra, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìdajì péré.

Kí abẹ́rẹ́ tó dé, ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n fi ẹni náà dùbúlẹ̀ lé, kí itọ́ lè ṣàn jáde, kí wọ́n fi aṣọ rọ orí rẹ̀. Ṣíbí tí wọ́n ń fi tipá tì bọ ẹnu ń ká eyín ni, ahọ́n kò sì ṣeé gbé mì. Iná tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ̀ kò lè jí i, ó kàn ń jó o. Èyí tó burú jù ni àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n pò mọ́ ewé tábà, aáyù, efinrin àti ọsàn wẹ́wẹ́: àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti kọ̀wé lé e lórí láti ọdún pípẹ́ pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ walẹ̀. Ọpọlọ tó ń gbọ̀n ń jẹ ṣúgà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àgbo náà gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ebi ń pa á jù, ẹlòmíràn kò sì jí.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ oògùn ló kù. WHO sọ pé bí ènìyàn bá rí àyẹ̀wò àti oògùn tó yẹ gbà, tó 70 nínú 100 lè gbé láìsí kí wárápá gbé wọn mọ́, oògùn ọdún kan sì lè má ju dọ́là márùn-ún lọ. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ní àwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà kò rí i gbà. Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní BRIDGE, ní Kánò, Kàdúná àti Zaria, wáyé láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí a kọ́ dáadáa lè tọ́jú wárápá ọmọdé láìdúró de dókítà ọpọlọ, tí wọn kò pọ̀.

Phenobarbital máa ń pẹ́ nínú ara. Nínú àgbàlagbà, ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ìdajì rẹ̀ tó jáde, ìdí nìyí tí a fi lè máa lò ó lẹ́ẹ̀kan lálẹ́. Carbamazepine kì í lò tó ọjọ́ kan, nítorí náà ẹni tó gbàgbé ti àárọ̀ á ti wà láìní ààbò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tó ti fara mọ́ phenobarbital fún ọdún púpọ̀ ti dín ìjánu tirẹ̀ kù, ó sì ti fi iṣẹ́ náà lé oògùn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bóyá nítorí pé ẹnìkan ní aláìsàn ti rí ìwòsàn, wárápá lè dé léraléra láìdáwọ́ dúró. Ẹni tó ti lo ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí kí ó gbé e lè bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí jíjáwọ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń dín in kù, fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ìjánu ara rẹ̀ lè ráyè padà sẹ́nu iṣẹ́.