Kí ẹ tó ra táńkì rífáàbù mìíràn fún àńpù gìtá yín

Àwọn onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì máa ń gbé àńpù wá bá mi ní Ìlọrin níbí, láti Ọ̀fà, láti Òmù-Àrán, ohun kan náà ni wọ́n sì máa ń sọ: "Ẹ̀gbọ́n, rífáàbù ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ bá wa wá táńkì rẹ̀." Ọ̀pọ̀ ìgbà, táńkì ọ̀hún ò kú.

Àpótí irin pẹlẹbẹ ni táńkì yìí, ìsàlẹ̀ inú àńpù ló sábà máa ń wà, sípíríńgì méjì tàbí mẹ́ta ló nà gbalaja sínú rẹ̀. Kọ́ìlì kan wà ní orí kìíní tó ń gbọn sípíríńgì bí gìtá bá ti ń dún. Òmíràn wà ní orí kejì tó ń sọ ìgbọ̀n náà di ohùn padà. Ìgbà díẹ̀ tí ohùn fi ń rìn lórí sípíríńgì yìí ló ń mú kó dún bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ńlá la wà. Ìyẹn là ń pè ní rífáàbù.

Ẹ tan àńpù, ẹ yí rífáàbù sókè dé ìdajì, kí ẹ fi ìka gbá táńkì náà jẹ́jẹ́. Bó bá dún gbọ̀ọ̀wàn nínú sípíkà, ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde dára, ọ̀nà ìwọlé ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí kò bá dún rárá, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn RCA, ìyẹn okùn tó so táńkì mọ́ àńpù. Lẹ́yìn náà, ẹ pa àńpù, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ tú táńkì wò. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ló so kọ́ìlì mọ́ ojúhò RCA, kòtò ojú ọ̀nà wa sì máa ń já a. Sọ́dà kékeré á tún un ṣe. Àmọ́ ẹ má ṣí àpótí iná àńpù fúnra yín o. Iná tó lè pa ènìyàn máa ń kù nínú àńpù oníglóòbù (tube) lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á.

Bó bá kú lóòótọ́, ẹ má fi gígùn nìkan ra òmíràn. Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ kóòdù sí, irú bíi 4AB3C1B tó wọ́pọ̀ nínú àńpù Fender oníglóòbù. 4 túmọ̀ sí táńkì gígùn, bíi séńtímítà 43. A ni ohm 8 (òṣùwọ̀n bí kọ́ìlì ṣe ń dènà iná) ní ìwọlé, B ni ohm 2,250 ní àbájáde. 3 ni pé ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó kú. C ń sọ èyí tó kan ilẹ̀ (ground, ìyẹn irin àpótí náà) nínú ojúhò méjèèjì. Bí ẹ bá ṣì í mú, àńpù lè máa kùn tàbí kí rífáàbù dákẹ́. 1 ni pé kò ní ìdè tó ń di sípíríńgì mú, B tó kẹ́yìn ni pé ẹnu rẹ̀ á dojú kọ ilẹ̀.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ gan-an, èyí tó wà fún ìwọlé, ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Bí àńpù bá ń fẹ́ ohm 8, tí ẹ fún un ní E, tí í ṣe ohm 600, ohùn rífáàbù á fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Bí ẹ bá sì fún àńpù tó ń fẹ́ E ní A, ẹ ti di ẹrù tó pọ̀ jù lé ohun tó ń gbọn sípíríńgì náà, ohùn á fọ́.

Bí kóòdù bá ti parẹ́, ẹ yọ okùn méjèèjì, kí ẹ fi mítà wọn ojúhò. Mítà kò ní ka 8 fún A o: bíi ohm 1 ni yóò kà. E máa ń ka bíi 60, àbájáde B bíi 200. Bí kò bá ka nǹkan kan, ó ti já níbẹ̀.

Ó ṣòro kí ẹ rí i rà nígboro Ìlọrin. Ẹ ya fọ́tò kóòdù ránṣẹ́ sí ẹni tó ń lọ sí Alábà, tàbí ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Táńkì Accutronics tí ilé-iṣẹ́ Belton ń ṣe ní Kòríà báyìí dára, kóòdù yìí kan náà ni wọ́n ń lò.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é, ẹ jẹ́ kí orí àbájáde jìnnà sí tiransifọ́ọ̀mù iná. Bó bá ń kùn hùn-ùn lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí orí rẹ̀ sí òdì kejì.