Kí A Tó Gbé Ìbọn Sí Bàálù Kékeré

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ìjọba ò gbé ìbọn sí bàálù kékeré, kó máa fò láti Ìdànrè títí dé Ọ̀wọ̀, kó lé àwọn tó ń gbin igbó lọ?" Àbúrò kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ nítòsí Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ ló bi mí bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe bàálù ni iṣẹ́ mi, torí náà òṣùwọ̀n ni mo fi dá a lóhùn.

Ẹ wo Cessna 172, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn ní wíwa bàálù. Èyí tí wọ́n ń pè ní 172S nínú wọn kò gbọdọ̀ kọjá kílò 1,157 nígbà tó bá ń gbéra. Ẹ yọ bàálù fúnra rẹ̀ kúrò, ohun tó kù fún ènìyàn, epo àti ẹrù ò tó 400. Ènìyàn méjì á kó bíi 160 níbẹ̀. Ìbọn M2, ìbọn ńlá tó ń rọ̀jò ọta, nìkan jẹ́ kílò 38, a ò tíì ka irin tí wọ́n máa fi dè é. Ọta igba á tún gba bíi 26. Bàálù yìí ń jó epo bíi kílò 25 ní wákàtí kan, nítorí náà ìbọn yẹn àti ọta rẹ̀ wúwo tó epo wákàtí méjì àbọ̀. Bí kámẹ́rà, rédíò àti irin tí ọta kì í dá lu bá tún wọlé, epo la máa bù kù. Ọta igba ọ̀hún kò sì ní lò tó ìdajì ìṣẹ́jú kó tó tán.

Ibi tí ẹrù wà tún ṣe pàtàkì. Gbogbo wa la ti rí ọ̀kadà tó ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ láti Ìdànrè. Bí wọ́n bá dì í sẹ́yìn jù, táyà iwájú á máa fò, apá ẹni tó ń wà á ò ní ká a mọ́. Bàálù náà nìyẹn, àmọ́ kò sí ilẹ̀ tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Nígbà kan, wọ́n gbé bàálù kan wá tí wọ́n ti so kámẹ́rà mọ́. A gbé e lórí òṣùwọ̀n mẹ́ta, ọ̀kan lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Kílò 11 wà lápá ìdí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ sínú ìwé. A ò jẹ́ kó fò lọ́jọ́ náà, inú ẹni tó ni ín ò sì dùn sí wa rárá.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń wá bàálù tó lágbára láti ilẹ̀. AT-802, tí wọ́n fi ń wọ́n oògùn sí oko, lè gbé ẹrù tó ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Ní Colombia, wọ́n fi irin bo ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí nígbà tí wọ́n ń fi í wọ́n oògùn sórí oko coca, ewé tí wọ́n fi ń ṣe kokéènì. Ọdún 2009 ni wọ́n fi èyí tó gbé ohun ìjà hàn ní Paris. Super Tucano, bàálù ogun kékeré, méjìlá tí Nàìjíríà gbà ní 2021 tiẹ̀ ní ìbọn nínú apá rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Ohun tó ń dùn mí jù ò sí lórí òṣùwọ̀n. Ní April 20, 2001, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Peru yìnbọn lu bàálù kékeré kan, wọ́n rò pé òògùn olóró ló gbé. Ìdílé míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà ló wà nínú rẹ̀. Ìyá kan kú, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kú. Bàálù ìṣọ́ kan tó ní gbogbo ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ tọ́ka sí wọn. Nílé wa níbí, ní January 2017, bàálù ológun wa ju bọ́ǹbù sórí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní Borno.

Nínú igbó tiwa, olóko kòkó wà níbẹ̀, ọdẹ wà níbẹ̀, obìnrin tó ń ṣẹ́gi wà níbẹ̀. Láti òkè, orí gbogbo wọn rí bákan náà. Oko igbó ò sì ní ẹsẹ̀ tó máa fi sá. Mo sọ fún àbúrò mi pé bí wọ́n bá fún mi ní bàálù, kámẹ́rà tó dáa àti epo tó kún ni màá béèrè, kí n rí ibi tí wọ́n ti gé igi sáàárín igbó, kí n fi ojú ibẹ̀ gan-an ránṣẹ́ sí àwọn NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, tó ń fẹsẹ̀ rìn. Kí wọ́n sì tètè bẹ̀rẹ̀, torí bí ọyẹ́ bá ti bo òkè Ìdànrè, kámẹ́rà ò ní rí nǹkan kan.