Kíka ìwé nípa ẹ̀rù kọ́ ni kíkojú ẹ̀rù

Ìwé pẹlẹbẹ kan nípa bí a ṣe ń borí ẹ̀rù ni, ojú ewé rẹ̀ kò ju 40 lọ, orí fóònù la ti ń kà á. Kílẹ̀ tó ṣú a ti kà á tán, ara yá gágá, a ní ẹ̀rù ti tán nìyẹn. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ tí wọ́n ní ká dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ, àyà tún ń lù kì-kì-kì. Ẹlòmíì á ní ìwé yẹn ni kò dáa, á lọ wá òmíràn.

Ìwé ọ̀hún lè dáa o. Èrò pé òye lásán ń lé ẹ̀rù lọ ni kò tọ́. Ẹni tó ń bẹ̀rù àtiwọ bàálù mọ̀ dáadáa pé ọkọ̀ ilẹ̀ léwu jù ú lọ, síbẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń làágùn.

Lọ́dún 1924, Mary Cover Jones, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ kan tó pè ní Peter, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ehoro ń ba ọmọ yìí lẹ́rù, aṣọ onírun ń bà á lẹ́rù, àní òwú pàápàá. Wọ́n kọ́kọ́ ń mú un bá àwọn ọmọ tí kò bẹ̀rù ehoro ṣeré, ọkàn rẹ̀ sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àfi bí àìsàn ṣe gbé e dé ilé ìwòsàn fún nǹkan bí oṣù méjì. Lọ́jọ́ tó ń padà bọ̀, ajá ńlá kan fò mọ́ òun àti nọ́ọ̀sì tó mú un dání, ni ẹ̀rù àtijọ́ bá tún padà dé. Wọ́n wá ń gbé oúnjẹ tó fẹ́ràn síwájú rẹ̀, ehoro á wà nínú àgò lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á sì máa sún un mọ́ ọn bó bá ṣe ń gbà á láyè. Nígbẹ̀yìn, òun fúnra rẹ̀ ń fọwọ́ pa ehoro náà lára.

Ìtàn ajá yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀rù kì í parẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ nu pátákó. Ara ń kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun lé ti àtijọ́ lórí ni, ti àtijọ́ sì lè yọjú padà. Ìwé tó bá ṣèlérí pé ọjọ́ 7 ló máa gbà ti sọ̀rọ̀ kọjá agbára rẹ̀.

Ó tún ku ọ̀kan tí a kì í fura sí. Ẹni tó yẹ kó pe ẹnì kan lórí fóònù, tó ní òun á kọ́kọ́ ka orí kan sí i ná, sísá ló ń sá. Ìtura tó ń rí bó ṣe ń sún ìpè náà síwájú ń kọ́ ara rẹ̀ pé sísá ló gbà á là.

Ìwé máa ń ranni lọ́wọ́ bí a bá ṣe ohun tó ní ká ṣe, pàápàá tí ẹnì kan bá ń bi wá léèrè bó ṣe ń lọ. Ẹni tí ẹ̀rù kò jẹ́ kó jáde nílé mọ́ ní tirẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Àmọ́ ojú ewé tó ní ká kọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó kéré jù, òun gan-an la sábà máa ń ṣí kọjá.