Fọ́ǹtì àtilẹ̀wá: ìdí tí àmì ohùn fi ń yẹ̀ lórí lẹ́tà

Bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà gbé láputọ́ọ̀pù wọn wá bá mi ní Ìbarà. "Wo bí wọ́n ṣe ń ba èdè wa jẹ́!" Mo wò ó. Nínú "ẹ̀kọ́", àmì tó yẹ kó jókòó lórí ọ ti yẹ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ iwájú sì sanra ju àwọn lẹ́tà yòókù lọ.

"Bàbá, ẹni tó kọ ọ́ ò jẹ̀bi o. Fọ́ǹtì ni."

Ẹ rántí àwọn aládìrẹ Ìtòkú. Páànù tí wọ́n gé ni wọ́n ń gbé lé aṣọ kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ pa á. Bí wọ́n bá ṣe gé páànù ni ọnà á ṣe rí. Páànù yẹn ni fọ́ǹtì. Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú àwòrán lẹ́tà, nọ́ńbà ló ń tọ́jú, fọ́ǹtì ló ń sọ ọ́ di ohun tá a lè kà. Tí fọ́ǹtì ò bá ní lẹ́tà ẹ, bùráúsà (ètò tá a fi ń wo ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì) á yá a lára fọ́ǹtì mìíràn; ibẹ̀ ni sísanra yẹn ti wá. Ọ̀ràn ẹ́ àti ọ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọn ò ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí àwọn kọ̀ǹpútà jọ ń lò fún lẹ́tà. Lẹ́tà ẹ tàbí ọ á kọ́kọ́ wá, àmì á tẹ̀ lé e, fọ́ǹtì ló máa mọ ibi tí àmì máa jókòó. Èyí tí ò mọ̀ ọ́n á kàn gbé e dà síbi tó bá rí.

Fọ́ǹtì àtilẹ̀wá ni èyí tí bùráúsà ń lò nígbà tí ẹni tó ṣe ojú ìwé ò bá dárúkọ kankan. Nínú bùráúsà Chrome lórí Windows, Times New Roman ni, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 16. Ẹ wọ Settings, Appearance, Customize fonts, ẹ ó lè pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ kò ní ran Bàbá lọ́wọ́, torí ọ̀pọ̀ ojú ìwé ló ń dárúkọ fọ́ǹtì tiwọn. (Chrome orí Android ò tiẹ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ yan fọ́ǹtì, ìwọ̀n ọ̀rọ̀ nìkan ni.)

Bùráúsà mìíràn, Firefox, ni mo gbé fún wọn. Mo kọ́kọ́ fi fọ́ǹtì Charis SIL, tí wọn ò tà, sórí láputọ́ọ̀pù náà; Noto Sans náà dáa. Lẹ́yìn náà: Settings, Fonts, Advanced. Mo yan Charis fún Latin (irú lẹ́tà tí Yorùbá ń lò), mo sún ìwọ̀n dé 20 nítorí ojú Bàbá, mo wá yọ àmì kúrò nínú àpótí Allow pages to choose their own fonts. Àpótí kékeré yẹn gan-an niṣẹ́ wà.

"Ẹ̀kọ́" nàró. Ṣùgbọ́n àwòrán ìwá-nǹkan tó wà lókè ojú ìwé di àpótí òfìfo, torí fọ́ǹtì làwọn kan fi ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Mo fi han Bàbá.

"Ìyẹn ò kàn mí," ni wọ́n wí, wọ́n ti ń kàwé lọ.