Nọ́ńbà Ara Èso: Bí Ó Ṣe Di Ọ̀nà Oko

Mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó ti òkè òkun wá, kí o yí i wò. Wàá rí bébà kékeré kan lára rẹ̀, tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ilé iṣẹ́ Dole, tó ń ta èso, ti tẹ nọ́ńbà mẹ́ta sí irú bébà bẹ́ẹ̀ lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbìn láìlo kẹ́míkà: ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà á rí ìtàn oko tí wọ́n ti kó o. Inú mi máa ń dùn sí irú nǹkan báyìí, nítorí àgbẹ̀ tó gbìn ín kì í sábà lórúkọ lójú ẹni tó jẹ ẹ́.

Àmọ́ ọjà títà ló bí bébà yẹn. Ní 1929, Fyffes, ilé iṣẹ́ tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ bébà aláwọ̀ búlúù mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn kí oníbàárà lè máa fi orúkọ bèèrè rẹ̀. Chiquita, tí òun náà ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbé tiwọn dé ní 1963, ọwọ́ ni òṣìṣẹ́ sì fi ń lẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di 1990, nọ́ńbà PLU, tí wọ́n fi ń wo iye owó èso, wọlé, ó sì wà fún ẹni tó ń gba owó ní ilé ìtajà: 4011 ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nọ́ńbà yìí ń sọ ibi tí èso ti wá. Kò sọ ọ́. 4011 tó wà lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ecuador náà ló wà lára ti Costa Rica. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà tó ṣáájú lábẹ́ àmì onílà-ìlà: ibi tí ilé iṣẹ́ ti forúkọ sílẹ̀ ló ń tọ́ka sí.

Àìsàn inú oúnjẹ ló jẹ́ kí wọ́n máa wá oko. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2005 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí gbogbo oníṣòwò oúnjẹ lè dárúkọ ẹni tó tà fún òun àti ilé iṣẹ́ tí òun náà tà fún. Ó dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí gbogbo ọ̀nà náà dé oko. Wo máńgòrò. Oko kéékèèké púpọ̀ lè kó tiwọn wá sí ilé ìdìpọ̀ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń rì í sínú omi gbígbóná fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹyin eṣinṣin èso lè kú, tí wọ́n á sì ṣà á ní ńlá àti kékeré sínú páálí. Tí ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ ò bá kọ nọ́ńbà oko sí páálí yẹn, ọ̀nà ti dí.

Ní 2016, Frank Yiannas, tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Walmart, ilé ìtajà ńlá Amẹ́ríkà, nígbà náà, gbé ìdì máńgòrò gígé kan síwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá oko tó ti wá. Ọjọ́ 6, wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 26 ló gbà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni òun àti IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan kalẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí oko, ilé ìdìpọ̀ àti àwọn tó ń kó ẹrù jọ ń kọ nǹkan sí, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè yọ́ kẹ́lẹ́ yí padà. Ìbéèrè kan náà gba ìṣẹ́jú àáyá 2.2. Kọ̀ǹpútà ò dé oko o; ohun tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀ ló ń sọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìbẹ́pẹ láti Mẹ́síkò kó àrùn Salmonella bá ènìyàn tó lé ní 200 ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ 23. Òfin tí FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, parí ní 2022 ní kí ilé iṣẹ́ lè kó àkọsílẹ̀ ọ̀nà tí oúnjẹ gbà jáde láàárín wákàtí 24. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìmúṣẹ rẹ̀ sí oṣù keje 2028. Máńgòrò, ìbẹ́pẹ àti gúáfà wà nínú èso tí òfin náà kàn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tí bébà kékeré náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sí níbẹ̀.